Ọjọ́ Tí A Kọ Ẹ̀yìn sí Tíṣà

                                                  Ilé Oníbúrẹ́dì,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.
                                                  Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, ọmọ ìyá mi,

Báwo ni nǹkan? Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti ń jẹ́ kó o gun àtẹ̀gùn ilé ọmọ rẹ láìdúró sinmi lágbedeméjì? Àwọn ìbejì náà ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń rìn, pé bí ọ̀kan bá gba ọ̀nà ìta, èkejì á gba ọ̀nà ilé ìdáná, tí ìwọ á wá na ọwọ́ méjèèjì láàárín bí ọlọ́pàá ojú pópó. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Bá mi kí ìyá wọn dáadáa, kó o sì sọ fún baba wọn pé bàtà tó fi ránṣẹ́ sí mi bá mi lẹ́sẹ̀ mu. Òun ni mo wọ̀ lọ síbi ohun tí mo fẹ́ ròyìn fún ọ yìí. Ara tèmi náà le. Ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ po ìyẹ̀fun, ṣé o fẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ máa jó ni?

Kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìwé yìí síwá sẹ́yìn kó o lè mọ ẹni tó bá mi kọ ọ́, èmi ni mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi ni, bírò mi ni. Ìwọ tó o máa ń sọ pé bí mo bá kọ̀wé, á dà bí ìgbà tí adìẹ rìn kọjá lórí iyanrìn, ó yá, jókòó, kó o ka ẹsẹ̀ adìẹ.

Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ lórí fóònù pé Tíṣà ti fi wá sílẹ̀, o sì ti sunkún tìrẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí a péjọ láti rántí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Bí mo bá ń sọ ọ́, ibi tó dùn jù ni fóònù á ti já.

Ìdajì ìgbésí ayé rẹ̀ lo mọ̀. O mọ̀ ọ́n ní olùkọ́. Òun ló kọ́ ọmọ rẹ ní kíláàsì kejì, nígbà tí ọmọ náà ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé tí gbogbo ilé ń gbá a lọ́wọ́. Tíṣà ló ránṣẹ́ pè ọ́, tó ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọwọ́ òsì náà ríṣẹ́ ṣe, pé kò jalè. O rántí pé kì í na ọmọ. Bí ọmọ bá ṣẹ̀, á bọ́ awò ojú rẹ̀, á máa fi etí aṣọ nù ún. Kó tó dá awò náà padà sójú, ẹlẹ́ṣẹ̀ á ti máa bẹ̀bẹ̀, àwọn tí kò ṣẹ̀ náà á máa bá a bẹ̀bẹ̀.

Ìdajì kejì ni o kò mọ̀ tán, torí o ti kó lọ bá àwọn ọmọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ilé-ìwé fún un ní àga ìrọ̀gbọ̀kú kan. Àga náà wuyì, ṣùgbọ́n kò jókòó nínú rẹ̀ títí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ, àìsàn dá a dùbúlẹ̀, nígbà tí ara rẹ̀ sì yá, iṣẹ́ gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn. Bí ọmọ-ọmọ ṣe bọ́ sí ọwọ́ Tíṣà nìyẹn. Ọmọ náà ló wá ń sùn nínú àga ìrọ̀gbọ̀kú.

Ọmọ ìyá mi, mo ti rí ìyá àgbà, èmi fúnra mi ìyá àgbà ni mí, ṣùgbọ́n ti Tíṣà yàtọ̀. Obìnrin tó mọ ìṣirò, tó mọ orin, tó mọ bí a ṣe ń gbin òdòdó, kò mọ irun dì! Bó bá di orí ọmọ náà, apá ọ̀tún á kún, apá òsì á dà bí oko tí ewúrẹ́ wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe. Mo gbọ́ ọ létí ara mi níwájú ilé búrẹ́dì, tó ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, “Ìyá mi àgbà ló dì í. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ lọ bá wọn nílé.” Ta ló máa lọ bá Tíṣà? Lọ́jọ́ tí ọmọ náà ṣe ìdánwò tí yóò fi wọ ilé-ìwé àwọn nọ́ọ̀sì, òjò bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀. Tíṣà gbé agboòrùn, ó dúró sábẹ́ fèrèsé gbọ̀ngàn ìdánwò títí wọ́n fi parí. A bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀, nígbà tí kò lè bá a kọ ọ́. Ó ní òun ò wá bá a kọ ọ́, pé bó bá gbé ojú sókè, kó lè rí ẹni tirẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ yẹn lónìí. Òun ló sì tọ́jú ìyá rẹ̀ àgbà dópin.

Nígbà tí ọmọ náà lọ sí ilé-ìwé nọ́ọ̀sì tí ilé dákẹ́ ni ọ̀rọ̀ kàn mí. O mọ̀ pé àwọn oníbàárà mi mìíràn máa ń kọ iye búrẹ́dì tí wọ́n fẹ́ sínú bébà, tí mo máa ń dúró kí ọmọ-ọmọ mi dé láti ilé-ìwé kó kà á fún mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bébà wà lọ́wọ́ mi, mo ń wò ó bí ewúrẹ́ ṣe ń wo dígí, Tíṣà bá wọlé wá ra búrẹ́dì. Mo na bébà náà sí i. Kò gbà á.

Ó ní, “Ìyá Oníbúrẹ́dì, ṣé ẹ fẹ́ kí n kà á, àbí ẹ fẹ́ kà á?”

Mo ní, “Tíṣà, búrẹ́dì ni mò ń tà o. Mi ò fẹ́ di lọ́yà.”

Ó ní, “Lọ́yà náà ń jẹ búrẹ́dì.”

Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi ìka fa lẹ́tà kan sínú ìyẹ̀fun tó wà lórí tábìlì mi, ó ní kí n fa tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fà á, ó wọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, ó ní kí n tún un fà. Ó ní kí n má bẹ̀rù, pé ìyẹ̀fun kì í di èèyàn sínú. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àbúrò mi, pẹ̀lú ewú lórí. Ìyá Alágbàfọ̀ wá gbọ́, ó dara pọ̀ mọ́ wa. Bàbá Awakọ̀ náà dé, òun tó ti fi ọkọ̀ ńlá sílẹ̀ torí ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́. Kó tó pẹ́, iyàrá iwájú ilé Tíṣà ti kún fún àwọn arúgbó tó ń jìjàdù ṣọ́ọ̀kì.

Òfin kan wà tó ṣe fún wa, tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ kí ìyókù ọ̀rọ̀ mi tó yé ọ. Bó bá kan ẹnìkan láti kàwé sókè, gbogbo àwa yòókù á yí àga wa padà, a ó kọjú sí ògiri. Tíṣà náà á yí tirẹ̀. Wọ́n máa ń ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n Tíṣà ní ti ìwé kíkà yàtọ̀: ojú ló ń dẹ́rù ba ẹnu àgbàlagbà. Ọmọdé lè kọsẹ̀ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ kó dìde kó sáré lọ, àgbà tó bá kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójú àwùjọ lè má tún rìn gba ibẹ̀ mọ́. Nítorí náà, etí ni a fi ń tẹ̀lé ẹni tó ń kàwé. Bó bá kà á tán, á ní, “Mo ti gúnlẹ̀.” Gbogbo wa á dáhùn pé, “Káàbọ̀!” A ó sì yíjú padà. Mo ti sọ “Mo ti gúnlẹ̀” fún ìwé ọmọdé, fún àkọlé ara ìgò oògùn, fún ìròyìn inú ìwé ìròyìn. Kò sí ìgbà tí “káàbọ̀” yẹn kì í dùn mọ́ mi.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìrántí. Àwọn ẹbí pàdé ní ilé Tíṣà láti pín iṣẹ́, wọ́n sì ránṣẹ́ pe àwa tó ń kàwé níbẹ̀. Bàbá Télọ̀ ni olórí ìpàdé, àbúrò ọkọ Tíṣà tó ti kú, òun sì ni àgbà tó kù fún wọn. O mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń fi téèpù kọ́rùn lọ síbi gbogbo, àfi bíi pé ó fẹ́ wọn ayé. Ó ní ọ̀gá àwọn olùbẹ̀wò ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni yóò ka ìtàn ìgbésí ayé Tíṣà. Ọmọ-ọmọ Tíṣà, nọ́ọ̀sì wa, bá dìde. Ó ní kí wọ́n má bínú, ìyá òun àgbà ti sọ ẹni tó máa kà á. Ó na ọwọ́ sí mi.

Bàbá Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Ta ni? Oníbúrẹ́dì?”

“Òun ni, Bàbá.”

“Ṣé orí yín pé báyìí? Ẹni tó kọ́ gbogbo àdúgbò yìí, kí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìwé lánàá wá máa ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ lórí ìtàn rẹ̀ lójú ayé? Bó bá kọsẹ̀ ńkọ́? Ta ni wọ́n máa bú? Tíṣà ni wọ́n máa sọ pé kò mọ ìwé kọ́!”

“Bàbá, ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́ fún mi lórí ibùsùn. Wọ́n ní, ‘Ẹni tí mo kọ́ nínú ìyẹ̀fun ni kó ka ìtàn mi.’”

“Àìsàn ló ń sọ̀rọ̀ nígbà yẹn.”

Ọmọ náà wò ó tìfẹ́tìfẹ́. “Bàbá, nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ ìgbà tí àìsàn bá ń sọ̀rọ̀. Màmá àgbà ló sọ ìyẹn.”

Ìyá Alágbàfọ̀ fi ìgúnpá gún mi ní ìhà pé kí n dìde kí n dúpẹ́, ni mo bá dìde, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ Bàbá Télọ̀ wọ̀ mí lára, torí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ba búrẹ́dì jẹ́, èmi ni mo bà á jẹ́. Bí mo bá ba ìwé yìí jẹ́, gbogbo wàhálà Tíṣà lórí àwa arúgbó ni wọn yóò pè ní ìrànù, wọn yóò sì ti iyàrá yẹn pa. Mo kọ ìtàn náà fúnra mi, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì tún un wò. Mo kà á fún ààrò búrẹ́dì. Mo kà á fún àpò ìyẹ̀fun. Mo kà á títí ọmọ-ọmọ mi fi ní, “Màmá àgbà, ẹ jẹ́ kí búrẹ́dì sinmi, ó ti mọ Tíṣà jù mí lọ.”

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé tó ti ṣiṣẹ́ ni a lò. Ó kún dẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó kọ́ nígbà tí eyín wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ti di ẹni tó pá lórí. Wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ sórí tábìlì, pẹ̀lú awò ojú rẹ̀ níbẹ̀, bí ìgbà tó ń wò wá pé ta ló ń pariwo. Wọ́n pè mí. Bàtà ọkọ ọmọ rẹ ń dún kò-kò-kò lábẹ́ mi bí mo ṣe ń lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Mo ka ibi tí wọ́n ti bí i, mo ka ilé-ìwé tó lọ, mo ka ibi ọwọ́ òsì ọmọ rẹ, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ṣe mí. Mo gbé ojú sókè kí n rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, mo sì rí ojú. Ojú, ojú, ojú, láti iwájú títí dé ẹnu ọ̀nà, Bàbá Télọ̀ sì ká ọwọ́ gbera ní ìlà àkọ́kọ́. Nígbà tí mo fi máa padà sórí bébà, àwọn lẹ́tà ti ń sá kiri bí èèrà tí wọ́n da omi lé lórí. N kò rí ibi tí mo dé mọ́. Ẹnìkan wúkọ́. Ẹlòmíràn ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá,” ìyẹn ló sì burú jù. Mo ní nínú ọkàn mi pé, ó tán, mo ti dójú ti òkú ọlọ́lá.

Ni mo bá gbọ́ gbírrr. Ìyá Alágbàfọ̀ ti dìde, pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀ tó o mọ̀ yẹn, ó gbá àga rẹ̀ mú, ó yí i padà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó jókòó. Bàbá Awakọ̀ yí tirẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ wa yí tiwọn, ẹsẹ̀ àga ń ha ilẹ̀ bí ẹní ń ya igi.

Bàbá Télọ̀ fò dìde. “Kí ni mò ń rí yìí? Ẹ kọ ẹ̀yìn sí Tíṣà? Ẹ kọ ẹ̀yìn sí òkú ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nínú ilé-ìwé rẹ̀? Ẹ̀yin aláìmoore yìí!”

Ìyá Alágbàfọ̀ kò tilẹ̀ yí ọrùn. Ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀. “Bàbá Télọ̀, ẹ dákẹ́ ariwo. Wọ́n ń kàwé.”

Gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọmọ-ọmọ Tíṣà dìde ní ìlà iwájú. Nígbà tó bá wálé fún ìsinmi, ó máa ń jókòó sí igun iyàrá wa, ó mọ òfin náà. Ó rọra gbé àga rẹ̀, ó yí i padà, ó kọ ẹ̀yìn sí fọ́tò ìyá rẹ̀ àgbà àti sí èmi, ó sì tẹ́ etí sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó jókòó tì í wò ó, òun náà yí tirẹ̀. Ọ̀gá olùbẹ̀wò yí tirẹ̀. Bí ó ṣe ń ràn lọ nìyẹn, láti ìlà kan dé ìkejì, títí dé àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ìdí rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jù ti yíjú padà, ta ni ìwọ tí o kò ní yí?

Ọmọ ìyá mi, n kò rí irú rẹ̀ rí. Orí pípá, orí ewú, orí tí wọ́n wé aṣọ mọ́, gbogbo gbọ̀ngàn ni wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi nítorí ìfẹ́. Àwọn lẹ́tà mi padà sí àyè wọn, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Ojú kan ṣoṣo ló kù tó ń wò mí. Bàbá Télọ̀ kọ̀, kò yí. Ó ti jókòó padà ṣá, kò sì pariwo mọ́. Bébà ọwọ́ mi ló tẹjú mọ́.

Mo ń kà á lọ. Mo ka bó ṣe fẹ̀yìn tì tí kò sinmi. Mo ka ọ̀rọ̀ irun dídì náà, mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn orí wọn, kò sì já mi láyà mọ́. Mo ka ti agboòrùn abẹ́ fèrèsé, mo sì rí i tí èjìká nọ́ọ̀sì wa ń mì. Ní ìparí, mo ka ohun tí mo kọ síbẹ̀ fún ara mi: “Tíṣà kò sọ fún wa lọ́jọ́ kan pé ó ti pẹ́ jù. Ó ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Àwa akólòlò rẹ̀ nìyí. A ti pè é.”

Mo ká bébà, mo ní, “Mo ti gúnlẹ̀.”

Àwọn ẹgbẹ́ mi dáhùn láti ibi ògiri pé, “Káàbọ̀!” Ohùn Bàbá Awakọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Gbogbo èèyàn bá yíjú padà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń nu ojú. Ọ̀gá olùbẹ̀wò wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun ti gbọ́ ìtàn ìgbésí ayé olùkọ́ púpọ̀, pé èyí tí òun gbọ́ lónìí ni wọ́n kọ dáadáa jù. Bàbá Télọ̀ nìkan ni kò kí mi. Mo wá a kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó jókòó, ó ti lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, nọ́ọ̀sì wa gbé kọ́kọ́rọ́ iyàrá náà wá fún mi nílé búrẹ́dì. Ó ní òun kò fẹ́ kó di iyàrá àkísà. Mo ní, “Ọmọ mi, èmi kì í ṣe Tíṣà.” Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n mo lè ṣí ilẹ̀kùn. Ìyẹn, mo lè ṣe é. Nítorí náà, a pín in láàárín ara wa, èmi, Ìyá Alágbàfọ̀ àti Bàbá Awakọ̀. Ẹni tó bá mọ ibì kan á kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì á wá bá wa tún un wò bó bá ní àyè.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ jókòó, ta ló kan ilẹ̀kùn? Bàbá Télọ̀ ni, pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní, “Ìyàwó mi ló fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ṣì ń gba èèyàn.”

Ọmọ ìyá mi, ìyàwó wo? Gbogbo wa la jọ sin obìnrin náà kí kíláàsì yìí tó bẹ̀rẹ̀! Ìyá Alágbàfọ̀ ti fi aṣọ di ẹnu. Mo wo Bàbá Télọ̀, mo rí i pé ó ń wo ohun tí a kọ sórí pátákó bí èmi náà ṣe máa ń wo bébà àwọn oníbàárà mi, gbogbo ohun tó ń bá mi jà lé lórí sì yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dìde, mo fa àga kan síta fún un.

Mo ní, “Ẹ bá wa kí ìyàwó. Ààyè wà. Ẹ wọlé, ẹ bá a jókòó sí i, kí ẹlòmíràn má baà gbà á.”

Ó wọlé, ó jókòó. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó kò pa kíláàsì jẹ. Ó ń mú ṣọ́ọ̀kì bí ẹni mú abẹ́rẹ́, ó sì máa ń bá wa jà bí a bá tètè parí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kọ orúkọ Tíṣà sórí pátákó, kò wọ́ rárá. A bi Bàbá Télọ̀ pé báwo ni ìyàwó ṣe rí i sí. Ó ní inú ìyàwó dùn.

Bá mi kí gbogbo ilé. Fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi, kó o sì rọra ṣe orúnkún rẹ. Bí ọmọ rẹ ọlọ́wọ́ òsì bá dé, jẹ́ kó ka ìwé yìí, ó ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀. Má pè mí lórí fóònù láti fèsì o. Kọ ọ́, kí n rí nǹkan kà.

Tìrẹ ni mí títí ọwọ́ yìí kò fi ní lè mú bírò mọ́,

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìyá Oníbúrẹ́dì.